Ajá Tó Gba Ìwé Ọmọlanke

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ajá, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó sì dá lórí náírà àádọ́ta.

Ní ayé ìgbà kan (ẹ má bi mí pé ìgbà wo, torí ìgbà náà kò tíì kọjá) Ìjàpá ń gbé ní Ìsọ̀kún, nílùú Iléṣà. Iṣẹ́ òṣómàáló ló ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá iṣẹ́ náà láyé, aṣọ ni àwọn Ìjẹ̀ṣà máa ń gbé kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n á tà á láwìn. Tó bá di ọjọ́ owó, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní àwọn ò ní nàró àfi táwọn bá gbowó àwọn. Iṣẹ́ yìí rọ Ìjàpá lọ́rùn ju ẹnikẹ́ni lọ. Òun ti wà ní ìlóṣòó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ajá ló ń bá a ṣọ́lé. Lọ́sàn-án, wọn á fi ṣéènì so ó mọ́ ìdí igi ọsàn. Lálẹ́, wọn á tú u sílẹ̀ kó máa gbó olè. Iyán tó bá ṣẹ́kù ni oúnjẹ rẹ̀, iyán kì í sì í ṣẹ́kù nílé Ìjẹ̀ṣà. Bí ọdún Ògún bá ti ń sún mọ́lé, Ajá kì í sùn mọ́. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, òun náà á wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin.

Lọ́jọ́ kan ni Lékeléke bà sórí igi ọsàn náà. Ó ti ìrìn àjò dé, ó sì gbé iṣẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ àbúrò Ajá, èyí tí wọ́n jọ jáde nínú ìyá lọ́jọ́ kan náà, tí mọ̀lẹ́bí Yánníbo kan mú lọ sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ tó rán nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí i yín o. Ibi tí mo wà, ajá kì í ṣe ẹran lásán. Láti ọjọ́ kẹfà Oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n ti pàṣẹ pé gbogbo ajá tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà lábẹ́ awọ, nínú ohun tín-ín-rín kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Bí mo bá sọnù, wọn á fi ẹ̀rọ ra mí lọ́rùn, orúkọ ọ̀gá mi á sì jáde. Ọ̀gá tí kò bá ṣe é lè san tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn. Bó bá fi ebi pa mí, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2006 wà tí adájọ́ lè fi sọ pé kò gbọ́dọ̀ sin ajá mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ níwèé?"

Ajá wo ọrùn ara rẹ̀. Ṣéènì nìkan ló wà níbẹ̀, ṣéènì náà ló sì ní rìsíìtì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìlú wa kò lófin. Òfin wà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún rẹ̀ Kẹrin, ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, ibi ìsìnkú, ilé ìpẹran, ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke. Nínú ìwé kan náà ló ti sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ ni kó máa bójú tó lílọ-bíbọ̀ àti títọ́jú ẹran tí èèyàn ń sìn sílé, irú yòówù kó jẹ́. Ní 1998 pàápàá, òfin tó to owó orí àti owó ìwé sílẹ̀ ti fún kánsù láṣẹ láti máa gba owó ìwé ẹran ilé. Ìyẹn ni pé Ajá wà nínú ìwé tí Ààrẹ ń búra pé òun á dáàbò bò. Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń sọ pé "ajá lásánlàsàn" yìí, kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ iṣẹ́ wa níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Ajá já ṣéènì, ó di kánsù. Ìjọba ìbílẹ̀ ọgbọ̀n ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. N ò ní sọ èyí tó lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló bá lórí àga. Ó ń jẹ ẹ̀pà, èèpo rẹ̀ sì ti bo gbogbo fáìlì tó wà lórí tábìlì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

"Ẹ kú àárọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ gba òkè lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ọjọ́bọ̀ ni."

"Ìwé ajá ni mo wá gbà."

Ẹ̀pà tó wà lẹ́nu Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró. "Ìwé kí ni?"

"Ìwé ajá, ọ̀gá. Ó wà nínú òfin."

"Mo mọ̀ pé ó wà nínú òfin. Èmi náà kà á nígbà tí mo ń wá ìgbéga. Àbúrò, láti ọjọ́ tí mo ti jókòó síbí, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa béèrè." Ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó fa èkejì. Ikán jáde, wọ́n wo ojú wọn, wọ́n padà wọlé. "Ìwé ìgbowó rẹ̀ ni kò sí. Èyí tó wà nílẹ̀ ni ti kẹ̀kẹ́, ti ọkọ̀ ojú omi àti ti ọmọlanke. Mú ọ̀kan."

Ajá ronú. "Iléṣà ò lọ́sà."

"A yọ ọkọ̀ ojú omi kúrò. Kẹ̀kẹ́, wọ́n máa ń gùn ún. Ṣé wọ́n ń gùn ọ́?"

"Rárá o."

"Wọ́n máa ń fà ọ́?"

"Ṣéènì ni wọ́n fi ń fà mí."

"Ọmọlanke ni ọ́ nìyẹn." Ọ̀kẹ́rẹ́ ti mú bírò. "Kí lo máa ń gbé?"

"Mi ò gbé nǹkan kan, ọ̀gá. Mo máa ń gbó ni."

Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ẹrù oríṣiríṣi. Ó fi òǹtẹ̀ lù ú, gbàgà! Egungun mẹ́ta tí Ajá ti bò mọ́lẹ̀ láti ọdún èṣín ló fi sanwó. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í jẹ egungun, ṣùgbọ́n ó gbà á.

Inú Ajá dùn dé ìrù. Ó fi òwú so ìwé náà mọ́rùn, ó gba iwájú ààfin Ọwá kọjá kí gbogbo ewúrẹ́ lè rí i. Àwọn ewúrẹ́ rí i. Ọ̀kan fẹ́ jẹ ẹ́.

Nígbà tó délé, Ìjàpá yọ orí láti inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà. Ìjàpá kì í tètè bínú. Ìṣirò ló máa ń kọ́kọ́ ṣe.

"Yánníbo! Wá wo nǹkan. Láti ọjọ́ yìí wá, ta ló ń bá wa gbẹ́rù kúrò ní Ọjà Atákúnmọ́sà?"

"Àwọn aláàárù ni, baálé mi."

"A ń sanwó fún wọn?"

"A ń sanwó fún wọn."

"Ọmọlanke wà nílé, à ń háyà aláàárù! Bàbá mi kò ní dárí jì mí lọ́run."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n di iṣu méjìlá, ìdì aṣọ mẹ́ta àti àpò kan tí ẹnu rẹ̀ wà ní dídì lé Ajá lẹ́yìn, wọ́n dojú kọ Ọ̀ṣogbo. Láti Iléṣà dé ibẹ̀ tó nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà. Ìjàpá jókòó sórí ẹrù náà. Ó ní awakọ̀ kì í fẹsẹ̀ rìn.

Okùn ọ̀rá ni wọ́n fi di ẹrù ọ̀hún. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, ó ti bó irun àyà Ajá kúrò, ibi tó bó náà sì pọ́n bí ẹran tí alápatà ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Eṣinṣin mẹ́ta bà sí i. Bí Ajá bá gbé ẹsẹ̀ kan láti lé wọn, ẹrù á fẹ́ dojú dé, nítorí náà ó jẹ́ kí wọ́n máa jẹun wọn. Ahọ́n rẹ̀ wà níta, eruku ọ̀nà bò ó. Ìwé ọmọlanke náà ń fì níwájú rẹ̀, ó ń gbá a níhò imú, gbá, gbá, gbá. Ni Ajá bá forin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é. Ẹ ó mọ ìdí ègbè náà tó bá yá.

Mo gbàwé, mo so ó mọ́rùn o
*Àádọ́ta náírà!*
Ìwé ní n kì í ṣẹran mọ́ o
*Àádọ́ta náírà!*
Baba dẹrù, ó tún gùn mí o
*Àádọ́ta náírà!*
Ẹ̀yin aráyé, bẹ́ ẹ bá lù mí o
*Àádọ́ta náírà!*
Bí mo bá kú, ẹ gba ṣéńjì o
*Àádọ́ta náírà!*

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀. Iṣu yí sọ́tùn-ún, aṣọ yí sósì, Ìjàpá dojú délẹ̀ ó sì na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè. Kó tó rí ẹni tó máa yí i padà, àwọn ọ̀bọ ti bẹ́ sílẹ̀ láti orí igi, wọ́n ti wọ́ Ajá wọ inú Igbó Ọ̀ṣun.

Ẹ mọ ibi tí mo ń wí. Hẹ́kítà 75 igbó tó wà létí odò. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965. Àdùnní Olóòrìṣà, ọmọ ilẹ̀ Austria tó di ará Ọ̀ṣogbo, gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ rù títí ó fi kú ní 2009. UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Nínú rẹ̀, wọn kì í dọdẹ, wọn kì í pẹja, wọn kì í gégi. Nítorí ìdí yìí, kò síbòmíràn tí gbogbo ẹranko lè pàdé láì wẹ̀yìn. Ẹtu wá, Òkété wá, Àkùkọ wá láti Ọjà Ọba, Ológbò wá ṣùgbọ́n ó jókòó lọ́tọ̀. Wọ́n ní ẹjọ́ yìí, àfi káwọn dá a.

Ìgbín ni adájọ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n fi ìjókòó sí; ọjọ́bọ̀ ni Ìgbín wọlé. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun ti gbéra láti ọjọ́ Àìkú, ẹnì kan ló da iyọ̀ sójú ọ̀nà òun. Òun ò ní dárúkọ onítọ̀hún. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìjàpá.

Odídẹrẹ́ Ìwó ni akọ̀wé kóòtù. Ó há ọ̀fun, ó ka ẹ̀sùn: abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn. Ẹnikẹ́ni tó bá fìkà lu ẹranko, tó ta á nípàá, tó lò ó nílòkulò, tó gùn ún tàbí dà á kọjá agbára rẹ̀, tó di ẹrù tó pọ̀ jù lé e, tó dá a lóró, tó mú un bínú tàbí tó dẹ́rù bà á...

"Tó mú un bínú?" Àkùkọ ti dìde. "Ṣé gbogbo àwọn tó ń sọ mí lókùúta nítorí pé mo kọ ní aago mẹ́rin..."

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ni Odídẹrẹ́ wí, ó sì parí rẹ̀: "...ó jẹ̀bi, yóò sì lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn náírà àádọ́ta, tàbí méjèèjì."

Gbogbo igbó dákẹ́. Òkété ló sọ̀rọ̀ níkẹyìn. "Lójoojúmọ́ ni?"

"Rárá. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ìtumọ̀ ègbè orin wa nìyẹn. Ẹ má rò pé àbùkù ló jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973, náírà méjì ni pọ́n-ùn kan, nítorí náà pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni owó yìí nígbà náà, ẹni tó bá san án á rántí ojú ẹran tó lù. Lónìí, kò ju owó pure water kan lọ. Ọmọdé tó gbé odidi àpò omi kan lérí ní oríta Ọláìyá, ìtanràn ogún ajá ló rù yẹn, oòrùn sì ń pa á.

Ìjàpá dìde láti wí tẹnu rẹ̀. Kò gba lọ́yà. Ó ní lọ́yà máa ń gba owó, òun sì ni ẹni tó máa ń gbowó.

"Olúwa mi, mo bọ̀wọ̀ fún kóòtù yìí. Ìdílé tó bọ̀wọ̀ ni mo ti wá. Mọ̀lẹ́bí mi ni Alágba, tó gbé láàfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ títí ó fi papò dà ní Oṣù Kẹwàá 2019. Ààfin ní ọdún 344 ló lò láyé." (Àwọn onímọ̀ ẹranko kò gba iye yẹn gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa lọ bá ààfin jiyàn ọjọ́ orí?) "Ó ní ìránṣẹ́ tó ń bọ́ ọ, àlejò sì ń wá kí i láti ọ̀nà jíjìn. Ìran wa mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìtọ́jú. Nítorí náà n kò lè fìyà jẹ ẹranko. Ohun tí mo di ẹrù lé kì í ṣe ẹranko. Ẹ wo ọrùn rẹ̀. Òǹtẹ̀ ìjọba ló wà níbẹ̀: ọmọlanke, ẹrù oríṣiríṣi. Ẹ fi abala òfin hàn mí tó ní kí n má di ẹrù púpọ̀ lé ọmọlanke."

Odídẹrẹ́ ṣí ìwé, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. "Kò sí, olúwa mi."

"Ó tán," ni Ìjàpá wí. Ibi tó yẹ kó ti jókòó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu Ìjàpá, ta ló dá a dúró rí? "Bí kóòtù bá tilẹ̀ wá sọ pé ẹranko ni, òfin kan náà sọ pé ohun tí a bá ṣe níbi tí a ti ń pa ẹran fún jíjẹ kì í ṣe ìkà, àyàfi tí a bá fi ìyà tí kò nídìí kún un. Ọ̀dọ̀ Ògún ni mo ń mú un lọ. Iṣu tó rù yẹn gan-an la fẹ́ fi jẹ ẹ́."

Irun ẹ̀yìn Ajá dìde láti ọrùn dé ìrù. Òun tó rò pé ọjà làwọn ń lọ! Gbogbo ọ̀nà, iṣu tí wọ́n máa fi jẹ òun ni òun ń bá wọn gbé.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ni Ìgbín wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó ti dẹ́rù bà á, lójú kóòtù."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Lékeléke ní ilẹ̀ tí òfin yìí ti wá, ní 1822 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ti kọ́kọ́ fi òfin de lílu ẹran ní ìlukúlùú. Richard Martin ló gbé e kalẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ níbẹ̀ títí dòní pé ọkùnrin yìí mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan wọ kóòtù kí adájọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí egbò. "Nígbà tí wọ́n ń kó òfin ọ̀hún bọ̀ wá síbí," ni Lékeléke wí, "wọ́n gbàgbé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sẹ́yìn." Ajá bá dìde, ó lọ dúró síwájú Ìgbín, ó gbé àyà sókè. Ìgbín na ojú rẹ̀ méjèèjì jáde láti wò ó. Títí wọ́n fi nà tán, oòrùn ti ń wọ̀.

Ìgbín ní òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wà ní àhámọ́ pẹ̀lú, kí òun mọ bí nǹkan ti rí. "Ṣé wọ́n ránṣẹ́ pe Kìnnìún Ifẹ̀?"

"Kò lè wá, olúwa mi," ni Odídẹrẹ́ wí. Ní Oṣù Kejì 2024, nínú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kìnnìún pa ẹni tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní ọmọ, wọ́n sì pa kìnnìún náà. Ẹnìkan kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

"Ti Èkó ńkọ́? Èyí tí wọ́n rí nínú ilé kan ní Victoria Island ní 2019, tí ilé ìwé wà nítòsí?"

"Wọ́n ti gbé e lọ sí ọgbà ẹranko. Ilé ló ń ṣọ́."

"Iṣẹ́ mi ni wọ́n gbé fún un," ni Ajá kùn sínú.

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, akọ̀wé?"

Odídẹrẹ́ tún ìyẹ́ rẹ̀ tò. "Olúwa mi, òfin Nàìjíríà lórí ẹranko tí ìran wọn ń tán lọ ti wà láti 1985. Ní Johannesburg ní 2016, gbogbo ayé tún pa ẹnu pọ̀ lórí mi. Nígbà tó di Oṣù Kìíní 2017, wọ́n fi mí sí ipò tó ga jù. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú mi nínú igbó kó fi mí ṣòwò lọ sókè òkun mọ́. Ẹni tó ni mí gbọ́ lórí rédíò pé mo ti ṣọ̀wọ́n. Ó fi àgádágodo kejì kún ti kéèjì. Wọ́n ń fi orúkọ mi ki ìlú Ìwó, oríkì náà sì dùn mọ́ mi. Inú kéèjì ni mo ti ń gbọ́ ọ."

"Ó dáa," ni Ìgbín wí, "ta wá ni òfin ń ṣe lóore nínú yín?"

Ọ̀bọ ló dáhùn láti orí igi. "Àwa ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe náírà àádọ́ta ló ń dáàbò bò wá níhìn-ín. Láti ayé Làróòyè àti Tìmẹ́hìn ni wọ́n ti bá Ọ̀ṣun ṣe àdéhùn. Èèwọ̀ ni. Ẹni tó bá gbé ìbọn wọlé síbí, ẹ̀rù ilé rẹ̀ ló máa bà á kí ti ọlọ́pàá tó bà á."

Inú ẹranko gbogbo dùn, wọ́n fẹ́ pàtẹ́wọ́. Omi sì já, ṣàà. Ẹja kan yọ orí.

"Èmi náà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ikọ̀ Ọ̀ṣun ni mí. Èmi ni mo lọ bá Làróòyè létí odò. Ó tẹ́wọ́ gbẹja, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ oyè Àtáọ́ja. Láti ọjọ́ náà, ìwọ̀ kan kò tíì kan ẹnu mi níbí. Òótọ́ ni Ọ̀bọ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ bojú wo omi tí mo ń gbé."

Wọ́n bojú wò ó. Ó pọ́n bí tíì tí wọ́n da wàrà sí.

"Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti ń wa góòlù," ni Ẹja wí. "Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń fọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ nínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wá bá mi. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, Oṣù Kẹjọ 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi yìí. Wọ́n sọ fún àwọn tó wá lọ́jọ́ kan lọ́dún. Èmi ńkọ́, tí mò ń mu ún lójoojúmọ́? Èèwọ̀ tó ń ṣọ́ mi, ìwọ̀ àti àwọ̀n ló mọ̀. Kò mọ ẹrẹ̀."

Ó wo Ajá. "Ọ̀dọ̀ yín ló ti ń ṣàn bọ̀, ará Iléṣà."

Etí Ajá rọ̀ wọ̀ọ̀. Lẹ́bàá ọ̀nà níta, àwọn ọmọ ọ̀bọ ti ń tú ẹrù tó dà sílẹ̀. Nínú àpò tí ẹnu rẹ̀ wà ní dídì, wọ́n bá ṣọ́bìrì méjì àti asẹ́ onírin kan tí ẹrẹ̀ pupa ṣì lẹ̀ mọ́. Wọ́n kó o wá síwájú kóòtù. Ìjàpá kó orí sínú igbá. Nítorí kò sí i nínú ẹ̀sùn, kò sẹ́ni tó bi í ohun tí òǹtajà aṣọ ń fi asẹ́ ṣe.

Ìdájọ́ Ìgbín gùn, torí ó ń fi itọ́ kọ ọ́ bó ti ń rìn lọ lórí ewé. N ó gé e kúrú. Ó ní òǹtẹ̀ kò lè sọ awọ di pákó: ajá ni ajá, ìwé yòówù kó so mọ́rùn. Ó ní ẹrù náà pọ̀ jù, Ìjàpá sì jẹ̀bi. Lórí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó ní òun ronú sí i gan-an, ṣùgbọ́n yàrá kótópó tí kò ní fèrèsé ni ẹlẹ́jọ́ yìí ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, inú rẹ̀ sì ń dùn. Òun ò rí ohun tí ẹ̀wọ̀n máa fi kọ́ ọ. Kó san náírà àádọ́ta.

Ìjàpá yọ ọgọ́rùn-ún náírà jáde láti abẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú akọ̀wé.

Odídẹrẹ́ wá inú àpótí. "Kò sí ṣéńjì."

"Ẹ má wulẹ̀ wá ṣéńjì," ni Ìjàpá wí. "A ṣì ń padà sí Iléṣà, ọ̀nà sì jìn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe padà. Kò sẹ́ni tó bi Ajá bóyá ó fẹ́ bá a lọ. Ọ̀bọ tẹ̀ lé wọn dé ibi tí igbó parí sí, ó dúró níbẹ̀. Ààlà èèwọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n Oṣù Kejìlá, ìwé ọmọlanke náà parí. Ìjàpá ní kí Ajá lọ tún un ṣe, torí òun kì í rú òfin ìjọba. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì wà lórí àga. Ó ní owó ìwé ti lọ sókè, egungun márùn-ún ni báyìí. Owó ìtanràn ni kò tíì kúrò níbi tó wà.

Ìdí àlọ́ mi rè é gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró lẹ́ẹ̀mẹta. Pó. Pó. Pó.

Ó ró. Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá nílé, bẹ́ ẹ bá wà ní Iléṣà tàbí ní Ọ̀ṣogbo, ẹ yà ní kánsù yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ béèrè ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní ti ọmọlanke, ẹ má gbà á.